Lẹ́tà ṣíṣí sí LAMATA: ẹ wá bi wá léèrè ní bọ́sítọ́ọ̀pù

Ẹ̀yin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ LAMATA, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò bí ará Èkó ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Aláṣọ ni mí. Ọjà Balógun ni mo ti ń tajà, Kétu ni mo ń gbé, ó sì ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín ibi méjèèjì. Mo ti wọ mólúè, mo ti wọ dánfó, mo gun ọ̀kadà kó tó di pé ìjọba fòfin dè é, BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ni mo sì ń wọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ mi kò ṣe nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo bá wá.

Mo mọ̀ pé kí wọ́n tó ya ọ̀nà bọ́ọ̀sì tuntun, tàbí kí wọ́n tó tún títì kan ṣe, wọ́n máa ń pe aráàlú jọ kí wọ́n lè gbọ́ èrò wọn. Ohun tó dáa ni. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ wò ó dáadáa bóyá olórí gan-an ló ń wá síbi ìfárí náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn díẹ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń jí. Kó tó di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti wà níta pẹ̀lú báàgì aṣọ méjì. Láti ẹnu ilé mi dé ibi tí mo ti ń wọ BRT ní Kétu, ìrìn ìṣẹ́jú 17 ni lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Lásìkò òjò ó lè di 30, torí mo ní láti kọ́kọ́ wo ibi tí mo fẹ́ tẹsẹ̀ bọ̀. Iná kì í sí ládùúgbò wa ní ìdájí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ríran. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń fo gọ́tà kí n tó dé títì ńlá. Níbi tí wọ́n bá ti fi pákó dí ojú gọ́tà, mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ pákó náà wò ná. Níbi tó yẹ kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà, mọ́tò tí mẹkáníìkì ń tún ṣe ló wà níbẹ̀, tàbí òkìtì iyanrìn ẹni tó ń kọ́lé. Nítorí náà, ojú títì gan-an ni gbogbo wa ń gbà: èmi, àwọn ọmọ tí ilé-ìwé wọn jìnnà, alákàrà tó gbé agbada rẹ̀ lérí, ọlọ́dẹ tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ á sì máa bọ̀ lẹ́yìn wa, òmíràn kò tan iná.

Tí mo bá wá dé bọ́sítọ́ọ̀pù, tí mo tẹ káàdì Cowry tí mo fi ń san owó ọkọ̀, tí mo ríbi jókòó, ara mi á balẹ̀. Bọ́ọ̀sì á gba ojú ọ̀nà tirẹ̀, á fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Ní CMS, mo bọ́ sílẹ̀, ìrìn mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ láti etí Marina wọ inú Balógun, láàárín ọmọlanke, alábàárù, ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn àti àwọn tó pàtẹ sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì mi mọ bí mo ṣe rìn lọ́jọ́ yẹn, ohun tí yóò rí ni pé mo wọ bọ́ọ̀sì ní Kétu, mo sì bọ́ sílẹ̀ ní CMS. Orúkọ owó ẹyọ àwọn bàbá wa ni wọ́n fún káàdì náà, orúkọ yẹn sì wù mí. Ṣùgbọ́n káàdì náà kò lè ka ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú 17 yẹn kò sí nínú rẹ̀. Gọ́tà mẹ́ta yẹn kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lọ, tó fẹsẹ̀ rìn bọ̀, tí kò wọ ọkọ̀ kankan nítorí pé owó kò tó, kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Àwọn yẹn sì ń pọ̀ sí i. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan fò láti nǹkan bí ₦190 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, mo ń rí ojú tí n kì í rí tẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọmọkùnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ ní ìsọ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ní Ọjọ́ta lálaalẹ́, á fẹsẹ̀ rìn dé Kétu, kó lè fi ìyókù owó ọkọ̀ ra gààrí. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ó sọ fún mi pé apá ibi tó ti ń bá ọkọ̀ du ọ̀nà ló ń rẹ òun jù, kì í ṣe ìrìn náà.

Mi ò wá bú yín. Mo rántí ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008, ọjọ́ tí BRT bẹ̀rẹ̀, dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó mọ ohun tí mólúè jẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé. A ó dúró mọ́ra wa títí òógùn ẹni á fi di ti ẹnìkejì, kọ̀ńdọ̀kítọ̀ á rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ á ti máa pariwo “Ó wà o!” láti bọ́sítọ́ọ̀pù méjì sẹ́yìn kí ohùn rẹ̀ tó dé iwájú. Nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS, kìlómítà 22, kò tíì sí irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Oṣù 15 péré ló gbà láti orí èrò dé orí títì. Nígbà tó di 2015, ó dé Ìkòròdú. Ní 2020, ti Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, aláwọ̀ pupa láàárín Àgbàdo àti Ọyíngbò sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá 2024. Ẹ ṣe é, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹni tó bá ní ẹ kò ṣe nǹkan kan kò wọ ọkọ̀ rí l’Ékòó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó jẹ́ kí ti 2008 yẹn yọrí. Agbára ọlọ́pàá nìkan kọ́. Ẹ jókòó ti ẹgbẹ́ awakọ̀, NURTW. Àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n á dínà mọ́ BRT ni wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, tí wọ́n sì kó bọ́ọ̀sì sórí ọ̀nà náà. Ẹ ṣàlàyé fún aráàlú kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kò jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rí i ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ béèrè, wọ́n dáhùn, ohun tí wọ́n sọ sì wọ inú iṣẹ́ náà.

Ta ni ẹ bi? Awakọ̀ ní ẹgbẹ́. Ó ní alága, ó ní akọ̀wé, ó ní gáréèjì tí ènìyàn ti lè bá a. Ọlọ́kadà ní ẹgbẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ní ẹgbẹ́. Àwọn onílé ní ẹgbẹ́ àdúgbò, àwọn oníléeṣẹ́ ní tiwọn. Nígbà tí ìwé ìpè bá jáde sí “àwọn tọ́rọ̀ kàn”, wọ́n wà níbi tí ìwé náà ti lè bá wọn. Àwa tí à ń fẹsẹ̀ rìn kò ní alága. A kò ní gáréèjì. Kò sí akọ̀wé tó lè gba lẹ́tà wa, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ wa tí ọ̀nà bá burú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú gbogbo lẹ́tà yìí nìyẹn: àwọn tí ọ̀nà ẹsẹ̀ kàn jù lọ ni kò ní ẹni tó ń gba ìwé ìpè fún wọn. Bí ẹ kò bá wá bá wọn níbi tí wọ́n wà, ẹ kò ní gbọ́ ohùn wọn, bó ti wù kí ìpàdé náà pọ̀ tó.

Mo ti lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pè é, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó pè é. Ọmọ mi ló rí i lórí fóònù tó ní kí n lọ, torí ọ̀rọ̀ títì àdúgbò wa ni wọ́n fẹ́ sọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nínú gbọ̀ngàn kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Mo ti ìsọ̀ mi, mo pàdánù ọjà ọjọ́ kan. Wọ́n gbé máàpù ńlá kọ́ ara ògiri, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí alábàárù kan, mi ò rí ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n, mi ò rí afọ́jú, mi ò rí ọmọ ilé-ìwé. Níta, àyè tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí ti kún.

Nígbà tó kàn mí, mo fi Yorùbá sọ̀rọ̀. Mo sọ ibi tí gọ́tà ti là, mo sọ igun tí omi ń dá ọ̀gọ̀dọ̀ sí, mo sọ ibi tí ọkọ̀ ti gbá ọmọ aládùúgbò wa, mo sọ aago tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí tí awakọ̀ kò fi rí i. Ọ̀rọ̀ mi tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó ń túmọ̀ gbé gbohùngbohùn, ó ní ìyá yìí fẹ́ kí ìjọba tún ọ̀nà ṣe. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó, ọkàn mi sì gbọgbẹ́, torí ohun tí mo gbé wá kọ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn. Ẹni gbogbo ló mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe. Igun wo, aago wo, kí ló dé: ohun tí àwa nìkan mọ̀ nìyẹn, òun náà ló sì sọnù.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ igun. Lásìkò òjò ọdún 2019, ìyá mi wá kí mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n nígbà náà, wọ́n ṣì ń lọ sóko. Òjò rọ̀ lóru, omi sì bo títì àdúgbò mọ́ gọ́tà, o kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yára lọ ra ẹ̀kọ. Ibi tí síláàbù kan ti ṣí kúrò lójú gọ́tà ni ẹsẹ̀ wọn wọ̀. Egungun ìbàdí wọn kán. Títí di òní, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọn kò sì dé oko mọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé síláàbù yẹn kò sí níbẹ̀. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń yà fún un, ẹsẹ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. Àlejò ni kò mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ mo lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kì í ṣe àwọn ló ni gọ́tà ibẹ̀. Mo lọ sí èkejì, wọ́n dárí mi padà sí ti àkọ́kọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni títì kan, ti ìpínlẹ̀ ni èkejì, ti àpapọ̀ ni ẹ̀kẹta. Ẹsẹ̀ ìyá mi kò mọ ààlà wọ̀nyẹn. Ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó máa ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá mẹ́nu ba afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ó wà ní Kétu, ó wà ní Ọjọ́ta, ó wà káàkiri títì Ìkòròdú. Ẹni tó bá sáré kọjá títì lábẹ́ rẹ̀, wọ́n lè mú un, wọ́n sì ń mú wọn. Mi ò ní kí ènìyàn máa sáré kọjá títì ńlá o. Mo ti rí òkú lójú títì yẹn, mi ò gbàdúrà àtirí òmíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹnìkan béèrè: kí ló dé tí ẹni tó lórí pípé á fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nígbà tí afárá wà lókè orí rẹ̀? Èmi bi wọ́n. Ìyá kan tó pọnmọ, tó tún gbé páànù tòmátì, ní òun ò lè gbé ìyẹn gun àtẹ̀gùn. Bàbá kan ní gígùn kò le, sísọ̀kalẹ̀ ni orúnkún òun kì í gbà. Ọmọbìnrin kan tó máa ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní òkùnkùn orí afárá náà ń ba òun lẹ́rù ju ọkọ̀ lọ. Ọkùnrin kan tó ń fi ọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara kò dá mi lóhùn. Ó kàn wo àtẹ̀gùn náà, ó sì tún wò mí.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ alágídí. Kí ọkọ̀ má baà dúró ni wọ́n ṣe ní kí ẹlẹ́sẹ̀ gba òkè. Mo gbà pé ní títì tó fẹ̀ bíi ti Ìkòròdú, kò rọrùn láti ní kí ènìyàn gba ilẹ̀ kọjá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí afárá náà ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara àti ọmọlanke lè gbà gòkè, kí iná máa tàn lórí rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ̀ṣọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ títì wà nínú ìlú tí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ní Yábàá, ní Ìkejà, ní Sùúrùlérè. Níbẹ̀, ẹ gbé ojú títì sókè kó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ibi tí ènìyàn ti ń kọjá ni òun dé yìí. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan ṣì lè dúró nígbà tí ọmọ bá yọ sí i lójijì. Èyí tó ń sáré 60 kò ní lè dúró lásìkò.

Nígbà tí wọ́n ṣí Carter Bridge ní ọdún 1901, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa fi ń ti Ìdó wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí wọ́n fi parí Third Mainland Bridge ní 1990, kìlómítà bíi 12, kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ gbà á. Láàárín àwọn afárá méjì yẹn ni wọ́n ti gbàgbé wa.

Wọ́n gbàgbé kẹ̀kẹ́ náà. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, láti Múṣin ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ Raleigh wọn lọ láràárọ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé tí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, agogo kẹ̀kẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jáde ní géètì kí ènìyàn tó yọ. Lónìí, tí ẹ bá pe “kẹ̀kẹ́” l’Ékòó, Márúwá ló ń wá síni lọ́kàn. Ẹ ní láti fi “ológeere” kún un kí wọ́n tó mọ ohun tí ẹ ń sọ. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gùn ún. Ẹ jáde ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ ó rí ọlọ́dẹ, ẹ ó rí ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri, ẹ ó rí ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà. Wọn ò gun kẹ̀kẹ́ fún eré ìdárayá. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ẹ má ṣe kàn fi ọ̀dà fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kó tó di ọjọ́ kejì, dánfó á ti dúró síbẹ̀ láti gbé èrò. Ẹ fi kọnkéré yà á bí ẹ ṣe ya ọ̀nà BRT. Kí ẹ sì bi ọlọ́dẹ yẹn ibi tó ń gbà, torí ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ibi tí máàpù rò pé ó ń gbà.

Àwòkọ́ṣe BRT wá láti òkè òkun. Ìlú Bogotá ní Kòlóḿbíà wà lára àwọn tí gbogbo ayé ń lọ wò. Lọ́dún 2000 ni TransMilenio bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí ìlú ìgbà yẹn, Enrique Peñalosa, kò ra bọ́ọ̀sì nìkan. Láàárín ọdún mẹ́ta tó lò, ó ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó lé ní kìlómítà 200, ó lé àwọn ọkọ̀ tó ń páàkì kúrò lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún àwọn ọ̀nà náà ṣe. Bọ́ọ̀sì àti ọ̀nà ẹsẹ̀ jọ dé síbẹ̀ ni. Tiwa, bọ́ọ̀sì ló dé, ẹnìkejì rẹ̀ ṣì wà lọ́nà.

Kì í sì í ṣe pé kò sí ìwé. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́, ó sì gbé ẹlẹ́sẹ̀ síwájú ọkọ̀. Inú mi dùn nígbà tí ọmọ mi kà á fún mi. Ní 2016, àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè gba àwọn ìjọba níyànjú pé kí ó kéré tán ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìrìnnà lọ sórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa lọ́dọọdún iye tí ó lọ síbẹ̀ ní tiwa, kí ẹ sì sọ ọ́ ní èdè tí ìyá aláta lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó pàtẹ sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà wà ńlẹ̀, mi ò sì lè fò ó, torí mo ti wà nínú wọn rí. Kí n tó ní ìsọ̀, orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà ni mo tẹ́ aṣọ mi sí. Mo mọ̀ pé mò ń dí ènìyàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni oníbàárà ń gbà. Wọ́n á lé wa láàárọ̀, a ó padà dé ní ọ̀sán. Ẹni tó ń tajà lójú ọ̀nà láti ìdájí dé alẹ́ mọ ọ̀nà yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó mọ aago tí èrò pọ̀, ó mọ ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń sọdá, ó mọ igi tí gbogbo ènìyàn ń sá sí abẹ́ rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbin igi. Igi fúrúùtù kan lè ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀ ohun tí àwọn bọ́sítọ́ọ̀pù onírin kan kò lè ṣe.) Kí ẹ tó rán mọ́tò wá kó ọjà rẹ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í bí ọ̀nà ṣe lè gba òun àti ẹni tó ń kọjá. Ó ní ohun tó máa sọ.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ wá béèrè nìyí. Ẹ wá sí bọ́sítọ́ọ̀pù ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ sì tún padà wá ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ wá sí ẹnu géètì ilé-ìwé nígbà tí wọ́n bá jáde. Ẹ wá sí ọjà, ẹ gba ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà wọlé, àpèjẹ ò pọn dandan. Ẹ fi Yorùbá béèrè, ẹ fi Ẹ̀gùn béèrè ní apá Badagry, kí ẹ sì fi Píjìn bá àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣe iṣẹ́ l’Ékòó sọ̀rọ̀. Ẹ fi máàpù sílẹ̀; ọ̀pọ̀ wa ò lè ka máàpù, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bá wa rìn, a ó fi ọwọ́ júwe fún yín. Kí ẹ ní ẹni tó dúró tó ń ka ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ọkọ̀. Tí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gé e kúrú fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà wá. Èyí ló ṣe pàtàkì jù sí mi nínú ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara bọ́sítọ́ọ̀pù yẹn kan náà: ohun tí ẹ sọ rèé, èyí tí a gbà rèé, èyí tí a kò lè ṣe rèé, ìdí tí a kò fi lè ṣe é rèé. Àgbà ni wá, a lè gbọ́ “rárá” tí ìdí bá wà níbẹ̀. Ohun tó ń mú kí ènìyàn má yọjú sí ìpàdé kejì ni pé kò gbọ́ nǹkan kan nípa ti àkọ́kọ́.

Tí ẹ bá sì bèèrè ibi tí iṣẹ́ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, mi ò ní sọ pé gbogbo Èkó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti ti BRT níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka ìrìn ìṣẹ́jú 15 yí i ká. Ẹ dí ojú gọ́tà tó wà láàárín ibẹ̀, ẹ tan iná síbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn fún mẹkáníìkì. Owó tí yóò ná yín kò ní tó owó afárá ọkọ̀ kan.

Ẹ yan ọjọ́ Ajé kan tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kó jẹ́ lásìkò òjò. Ní aago márùn-ún ìdájí, màá wà lẹ́nu géètì wa pẹ̀lú báàgì aṣọ méjì. Kí ẹnìkan nínú yín bá mi gbé ọ̀kan, ká jọ rìn dé bọ́sítọ́ọ̀pù, ká gun afárá náà papọ̀. Màá fi ibi tí síláàbù ọdún 2019 yẹn wà hàn yín. Pákó ni wọ́n fi bò ó báyìí.

Èmi ni,
Ìyá aláṣọ, Kétu, Èkó.